Sójà Tí Kò Ní Orúkọ: Ìtàn Òkúta Ìrántí Ogun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láì bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ń rìn bọ̀ ní ojú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá, ní ìlú Èkó, ohun tí yóò gba ojú rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí èbúté, àwọn àpótí irin ńláńlá tí a fi ń kó ẹrù la òkun kọjá, àti àwọn tí ń lépa oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ogun kọ́ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Ṣùgbọ́n ní Àpápá yìí kan náà, òpópónà kan wà tí a ń pè ní Burma Road. Bárékè àwọn ọmọ ogun tún wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Arakan. Burma ni ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa ń pè ní Bọ́mà, tí ayé òde òní ń pè ní Myanmar. Arakan sì ni ẹkùn kan ní etí òkun ilẹ̀ náà. Kí ló wá gbé orúkọ ilẹ̀ tó jìnnà tó báyìí dé ẹnu ọmọ Àpápá? Ogun ló gbé e wá. Àwọn ọmọ wa lọ jagun níbẹ̀, àwọn kan bọ̀, àwọn kan kò bọ̀, a sì fi orúkọ ibi tí wọ́n ti jà sọ ilé àwọn ọmọ ogun.

Nítorí náà, orúkọ ojú ọ̀nà àti orúkọ bárékè jẹ́ irú ìrántí ogun kan. Irú mìíràn wà tí a fi òkúta tàbí idẹ ṣe, tí a sì gbé kalẹ̀ ní gbangba ìlú. Ìyẹn ni ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ayé, òun náà ni a ó sì ṣàlàyé lónìí: bí a ṣe ń ṣe é, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí a mọ ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i àti ẹni tí a kò kọ tirẹ̀.

Ìrántí akọni kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rányàn wà ní ìdúró títí di òní. Òkúta akọ gíga kan ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, a sì gbá ìṣó irin mọ́ ọn lára. Àwọn ará Ifẹ̀ a máa sọ pé ìrántí Ọ̀rányàn jagunjagun ni. Yàtọ̀ sí òkúta, àwa Yorùbá ní oríkì. Ìdílé tí bàbá wọn kú sójú ogun, a ó gbọ́ ọ nínú oríkì wọn, orúkọ ogun náà a sì máa tẹ̀lé orúkọ akọni náà láti ìran dé ìran. Àwọn àgbà ló sọ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Wọn kò sì fi ikú akíkanjú ṣe ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n oríkì ní àléébù kan: ẹnu ló ń gbé. Bí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá kú láì fi kọ́ ọmọ, ó ti bá a wọ ilẹ̀ nìyẹn.

Àṣà kan tún wà láyé àtijọ́ tí ó yẹ kí a rántí. Bí ènìyàn bá kú sí ẹ̀yìn odi, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn ará rẹ̀ a máa sapá gidigidi láti rí irun orí rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ gbà. Èyí ni wọn yóò sin sílé, wọn yóò sì ṣe gbogbo ètò ìsìnkú lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òkú fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kú lọ́nà jíjìn ń fẹ́ ibi kan nílé, àwọn tó kù nílé náà sì ń fẹ́ ibi tí wọn yóò máa wò.

Ohun kan náà ni ó mú kí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ òkúta ìrántí sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé wọn lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Kaisa. Ìjọba wọn ti pàṣẹ pé a kò ní gbé òkú ọmọ ogun kankan padà wálé. Ibi tí kálukú kú sí ni a ó sin ín sí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí ilẹ̀ Faransé kò ní ojú oórì tí yóò máa fi òdòdó sí. Abúlé bá dá owó jọ, wọ́n gbé òkúta kan kalẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí i. Òkúta náà ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ojú oórì fún gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ṣe é. Ohun mẹ́rin ni ó ń para pọ̀ di òkúta ìrántí ogun: ibi tí a gbé e sí, bí a ṣe gbẹ́ ẹ, orúkọ tí a kọ sí i, àti ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún un.

Ní ti ibi tí a gbé e sí, kò yẹ kó jẹ́ ibi kọ́lọ́fín. Ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkóríta ni, tàbí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀ ni a ń wá, kí ẹni tó ń lọ ra iyọ̀ pàápàá lè rí i. Nílùú Èkó, ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn. Ìrántí ogun tí àwọn ará Èkó mọ̀ jù lọ ni èyí tí ó dúró ní Idúmọ̀tà, nítòsí ẹsẹ̀ afárá Carter, láàárín ọjà, níbi tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí. Àwọn ènìyàn kò pè é ní orúkọ ìwé kankan. Sójà Idúmọ̀tà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti mú un kúrò níbẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn àgbà Èkó ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ júwe ọ̀nà.

Ní ti bí a ṣe gbẹ́ ẹ, oríṣiríṣi ló wà. Àwọn kan gbẹ́ àgbélébùú, àwọn kan gbẹ́ ọ̀wọ̀n gíga, àwọn kan ṣe ère sójà tó dorí ìbọn rẹ̀ kodò. Èyí tí ó lókìkí jù ni Cenotaph tí ó wà ní London. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì ni orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibojì òfìfo. Ní oṣù Keje ọdún 1919, Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé, fi igi àti ẹfun kọ́ ọ fún ọjọ́ ayẹyẹ àlàáfíà. Ohun tí a fẹ́ wó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn opó àti àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó òdòdó lọ sí ìdí rẹ̀, wọn kò sì dẹ́kun. Ìjọba rí i pé kò ṣeé wó mọ́. Wọ́n bá fi òkúta gidi kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1920. Lutyens kò fi àgbélébùú tàbí àmì ẹ̀sìn kankan sí i, nítorí pé onígbàgbọ́, mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn Híńdù àti àwọn mìíràn ni wọ́n jọ kú nínú ogun náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ìlú bí tiwa, níbi tí ọmọ ìyá méjì lè gba ọ̀nà ẹ̀sìn méjì.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sin ọmọ ogun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé ìsìn Westminster Abbey, láàárín àwọn ọba. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ìyá èyíkéyìí tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ lè sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé bóyá ọmọ tòun ni. Láti ibẹ̀ ni àṣà Ọmọ Ogun Àìmọ̀ ti tàn káàkiri ayé, títí tó fi dé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ní ti orúkọ, ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ní ọdún 1917, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun, Imperial War Graves Commission, èyí tí a ń pè ní Commonwealth War Graves Commission lónìí. Ní ọdún 1918, Frederic Kenyon, olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti London, kọ ìmọ̀ràn fún wọn. Ó ní kí a má ṣe fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀gá àti ọmọ abẹ́. Kí òkúta ọmọ olówó má ga ju ti ọmọ tálákà lọ. Kí a sì rántí olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi rí i ní ibojì àwọn ọmọ ogun pé gbogbo òkúta dọ́gba bí eyín àgbàdo. Ẹni tí a rí òkú rẹ̀ ní òkúta tirẹ̀. Ẹni tí a kò rí, a kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ìrántí.

Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n tẹ̀lé e fún gbogbo ènìyàn?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn ènìyàn wa ṣe nínú ogun Kaisa. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916. Ní ìparí 1916, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917, ní ibi kan tí a ń pè ní Mahiwa, wọ́n wọ ìjà kan tí ó le ju gbogbo èyí tí wọ́n ti jà lọ. Sójà nìkan kọ́ ló lọ. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ nínú igbó náà, kòkòrò sì ń pa ẹṣin àti màlúù. Orí ènìyàn ni ohun gbogbo gbà kọjá: àpótí ọta, oúnjẹ, àgọ́, àti ìbọn ńlá tí a tú sí wẹ́wẹ́. Àwọn aláàárù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lò nínú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tó mílíọ̀nù kan, àwọn tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kú nínú wọn sì ju 90,000 lọ. Ebi, àìsàn àti àárẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ọta ìbọn.

Nígbà tí ogun parí, báwo ni a ṣe rántí wọn? Ní Nairobi, ní ọdún 1928, wọ́n gbé ère idẹ mẹ́ta kalẹ̀ ní ojú ọ̀nà ńlá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ère aláàárù. James Alexander Stevenson ló ṣe wọ́n, òun náà ló sì ṣe ère sójà tí ó wà ní Dar es Salaam láti 1927. Iṣẹ́ ọnà tó rẹwà ni wọ́n. A kọ ọ̀rọ̀ sí ìdí àwọn ère Nairobi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Swahili àti Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ náà sì ń ṣèlérí fún ẹni tó bá kú fún ilẹ̀ rẹ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rántí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí ère náà ká, ẹ wò ó lọ́tùn-ún lósì, ẹ kò ní rí orúkọ aláàárù kankan níbẹ̀. Ère kan ṣoṣo ló dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ tẹ ìwé ìwádìí kan jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ìwádìí náà sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà, Íńdíà àti ilẹ̀ Íjíbítì tí wọ́n kú nínú ogun Kaisa, tí a kò rántí bí a ṣe rántí àwọn òyìnbó, wà láàárín 45,000 sí 54,000. Ó tún sọ pé àwọn mìíràn tí ó kéré tán jẹ́ 116,000, tí ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn síbi kankan, tàbí tí a kò rántí rárá. Kì í ṣe pé òkúta kò tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ ìgbà náà rò pé ẹni tó wá láti abúlé Áfíríkà kò mọ ìwúlò orúkọ lára òkúta. Ẹ wo bí irọ́ yìí ti tó lójú àwa tí ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ẹbí ń péjọ nítorí orúkọ!

Èyí ni ó mú wa padà sí ojú ọ̀nà Liverpool. Liverpool ni ìlú èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ti ń gbéra wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń kó aṣọ, irin àti ìwé lẹ́tà bọ̀, wọ́n ń kó epo pupa, ẹ̀kùrọ́ àti kòkó lọ. Àwọn ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Apapa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, bí ọkọ̀ náà ṣe ń ti Áfíríkà bọ̀, tí ó sì kù díẹ̀ kó dé Liverpool, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì yin ohun ìjà lù ú, ó sì rì. Ènìyàn 77 ló bá a lọ. Wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn, wọ́n tún sọ ọ́ ní Apapa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1940, nígbà ogun Hítílà, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lu òun náà, ó sì rì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, Abosso rì, ó sì kó ènìyàn tó ju 360 lọ. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú àwọn atukọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ń lo èédú, ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wà, nídìí iná, níbi tí ó ṣòro jù lọ láti sá jáde bí omi bá wọlé.

Ibo ni a ti ń rántí atukọ̀ tí òkun gbé? Ní Tower Hill ní London, ìrántí kan wà fún àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ọjà tí wọn kò ní ibojì mìíràn ju òkun lọ. Lutyens ló ya ti ogun Kaisa, wọ́n ṣí i ní 1928. Edward Maufe ló ya ti ogun Hítílà, wọ́n ṣí i ní 1955. Àwọn orúkọ tí ó wà ní apá méjèèjì lé ní 35,000. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to orúkọ náà. Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà wọ́n kọ àwọn tó bá a rì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n jọ kú, wọ́n jọ wà níbẹ̀. Orúkọ Àpápá wà lára ògiri náà ní London, nítorí ọkọ̀ tí a fi sọ.

Ọkọ̀ Elder Dempster mìíràn tún wà tí ń jẹ́ Mendi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1917 ó kó àwọn ọmọ Áfíríkà Gúúsù tó ju 800 láti Cape Town, àwọn tí yóò lọ ṣe iṣẹ́ agbára fún àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ó yà ní Èkó lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, nínú kùrukùru, nítòsí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ mìíràn kọ lù ú. Àwọn tó kú lé ní 600. Orúkọ wọn wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton. Lára ògiri kan náà ni orúkọ Lord Kitchener wà, olórí ogun tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí òkun ló gbé òun náà. Níbẹ̀, ìlànà Kenyon ṣẹ: ọ̀gá àgbà ogun àti ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀ jọ wà lára òkúta kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Bọ́mà. Nínú ogun Hítílà, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí ẹkùn Íńdíà àti Bọ́mà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni wọ́n, èyí tí a ń pè ní 81 àti èyí tí a ń pè ní 82. Ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, àwọn 81 la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 nínú òkè àti igbó. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Àmì tí àwọn 82 lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn pẹ̀lú òṣùká. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ọmọ mi: òṣùká tí ìyá yín fi ń ru igi, òun náà ni wọ́n fi ṣe àmì iyì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun. Ìrántí kan nìyẹn tí aláàárù kò gbé sọnù.

Àwọn tí ó kú níbẹ̀ tí a kò rí òkú wọn, orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan, ní àríwá ìlú Yangon. Henry Brown ló yà á, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1958. Àwọn orúkọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, ọ̀pọ̀ orúkọ ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Èyí dára ju ti Nairobi lọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan tún wà. Nígbà tí a ń gba àwọn ènìyàn wa sí iṣẹ́ ológun, akọ̀wé a máa kọ orúkọ bí ó ti gbọ́ ọ, a sì máa fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá. Bí àpẹẹrẹ, Lawani tó wá láti Ìbàdàn a di Lawani Ibadan. Lawani mélòó ló wà ní Ìbàdàn? Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá dúró níwájú ògiri náà lónìí, yóò ṣòro fún un láti mọ̀ bóyá bàbá bàbá òun nìyí. Orúkọ tí kò pé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àìsí orúkọ.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ Yorùbá kan tí kò jẹ́ kí orúkọ òun sọnù. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yọ sí wọn ní etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, ni àwọn ará abúlé ibẹ̀ fi pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sílé, ó sì bọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá rí wọn, gbogbo ilé òun ló parun. Fadoyebo padà sílé ní 1945. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ó kú ní 2012. Bí kò bá kọ ọ́ ni, ta ni ìbá mọ Shuyiman? Ta ni ìbá mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣubú ní etí odò náà? Ìwé rẹ̀ ni òkúta ìrántí tó fi lélẹ̀.

Ohun kẹrin ni ọjọ́. Òkúta tí kò ní ọjọ́ kì í pẹ́ di ibi ìsáṣọ. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe ìrántí, nítorí pé agogo mọ́kànlá ọjọ́ náà ni ogun Kaisa dópin ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wa, Nàìjíríà gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, nítorí pé ọjọ́ náà ní ọdún 1970 ni àwọn aṣojú Biafra wá sí Èkó láti túúbá. Bárékè Dodan ni wọ́n ti ṣe é, Dodan náà sì jẹ́ orúkọ ibi tí àwọn ọmọ wa ti jà ní Bọ́mà. Letmauk tí ó wà ní Ìbàdàn, Bọ́mà náà ló ti wá. Abalti tí ó wà ní Súrùlérè, ilẹ̀ Ethiopia ni, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní 1941. Ní ọjọ́ ìrántí yìí, àwọn aláṣẹ a fi adé òdòdó lélẹ̀, fèrè a dún, gbogbo ènìyàn a dákẹ́ jẹ́ẹ́, a yin ìbọn, a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ní Èkó, ibi ìrántí tí ó wà ní Tafawa Balewa Square ló ń rántí ogun mẹ́ta pa pọ̀: ogun Kaisa, ogun Hítílà àti ogun abẹ́lé.

Ní báyìí, ẹni kan lè bi wá pé, kí ni èyí kan abúlé tiwa? Ó kàn án gidigidi. Ìlú ńlá ní ère. Ọ̀pọ̀ abúlé tí ó fi ọmọ sílẹ̀ kò ní nǹkan kan. Kò sì di dandan kí a ra idẹ láti òkè òkun. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ìrántí kan ní Cape Town fún àwọn ọmọ Áfíríkà Gúúsù 1,772 tí wọ́n ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì kú nínú ogun Kaisa, tí a kò kọ orúkọ wọn síbi kankan fún ohun tó ju 100 ọdún lọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é: igi ìrókò. Òpó kan fún ènìyàn kan, orúkọ kan lára òpó kan. Ìrókò tí àwa náà mọ̀, tí ń bẹ nínú igbó wa.

Bí abúlé kan bá fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìwé ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkúta. Kí wọ́n lọ sí agboolé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bèèrè ẹni tó lọ sógun tí kò bọ̀, ìgbà wo ló lọ, àti ogun wo. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé, orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i kí ẹni tí yóò kà á lọ́jọ́ iwájú má bàa ṣì í pè. Kí wọ́n má fo aláàárù, kí wọ́n má fo atukọ̀, kí wọ́n má fo obìnrin tó kú nínú ogun. Kí wọ́n to orúkọ náà láì ka oyè sí. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wá ibi tí èrò ń gbà kọjá, kí wọ́n sì mú ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín rèé. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín pé: “Ta ni ó bá ogun lọ nínú ìdílé wa?” Bí ó bá dá orúkọ kan, ẹ mú gègé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti pè é gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú.